Ta Ló Ni Ọ̀nà Adágún Funfun?

Ní ìparí oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, a kì í sùn dáadáa nílé wa. Kì í ṣe pé ara ẹnikẹ́ni ò yá. Eré ìje ni a máa ń wò lórí fóònù: àwọn èèyàn tó so iná mọ́ orí, tí wọ́n ń gun òkè ní ilẹ̀ Faransé láàárín òru. A máa ń sọ fún ara wa pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni a ó fi wò ó. Kí a tó mọ̀, ilẹ̀ ti ń mọ́. Àwọn tó gba ipò kìíní ti wẹ̀, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn nígbà náà. Àwọn yòókù ni a ń wò, àwọn tí orúkọ wọn ò ní jáde nínú ìwé ìròyìn kankan. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ jẹ ohun tó lé ní kìlómítà 150, wọ́n sì tún dé ẹsẹ̀ òkè kan tó ga bí ògiri. Láti ọ̀nà jíjìn, iná orí wọn á máa gòkè ní ẹyọ ẹyọ, bí ọ̀wọ́ ìjàlọ tó gbé fìtílà.

Orúkọ àwọn òkè tí wọ́n ń gùn yẹn ni Aiguilles Rouges. Tí a bá yí i sí Yorùbá, Abẹ́rẹ́ Pupa ni. Orí àwọn àpáta ibẹ̀ ṣóńṣó, irin tó wà nínú òkúta náà ló sì jẹ́ kó pọ́n, pàápàá nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀. Abẹ́rẹ́ Pupa dojú kọ Mont Blanc, òkè ńlá tó fi díẹ̀ lé ní 4,800 mítà, àfonífojì tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ìlú Chamonix sì tẹ̀dó sí. Lókè Abẹ́rẹ́ Pupa yìí, ní 2,352 mítà, ni adágún kan wà tí wọ́n ń pè ní Lac Blanc, ìyẹn Adágún Funfun. Àwọn adágún kéékèèké Chéserys wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, gbogbo òkè yìnyín tó wà lódìkejì á dojú délẹ̀ nínú omi náà, tí èèyàn ò ní mọ èyí tó jẹ́ òkè gan-an àti èyí tó jẹ́ òjìji. Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, yìnyín ló máa ń bò ó. Oṣù Kẹfà á fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí omi náà tó lajú.

Láti ibùdó tí wọ́n ń pè ní La Flégère, èèyàn á gòkè tó bíi 500 mítà kó tó dé etí adágún náà. Àwọn kan máa ń gba Col des Montets, lápá kejì, wọ́n á kọjá lára àwọn adágún Chéserys, wọ́n á gun àkàsọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ara àpáta, wọ́n á yọ sí Adágún Funfun, wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀ sí Flégère. Àwọn tó fẹ́ràn eré òkè kì í fi irú ọ̀nà báyìí ṣeré. Ó ga, ó tẹ́, ó tún ga, òkúta wà, gbòǹgbò wà, Mont Blanc sì ń wo ẹ ní gbogbo ìgbésẹ̀.

Ẹ lè bi wá pé kí ló kan àwa tí a ń fi Yorùbá kọ̀wé nínú eré òkè Faransé. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ, ọ̀nà ẹsẹ̀ ò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti rìn lọ sóko rí. Ẹni tó kọ́kọ́ là á kì í sábà jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ohun tí a sì rí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn òkè yìí nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi eré sá níbẹ̀, ìbẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Ní bíi 400 ọdún sẹ́yìn, òtútù mú Yúróòpù ju bó ṣe ń mú un nísinsìnyí lọ. Àwọn odò yìnyín, ìyẹn yìnyín ńláńlá tó máa ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ láti orí òkè bí odò tó ń sùn, bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Mer de Glace sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ abúlé kan tó ń jẹ́ Les Bois, nísàlẹ̀ àfonífojì níbẹ̀. Ó ń jẹ oko, ó ń halẹ̀ mọ́ ilé. Ní 1644, wọ́n lọ ké sí bíṣọ́ọ̀bù Charles-Auguste de Sales. Bíṣọ́ọ̀bù náà kó bí 300 èèyàn lẹ́yìn, wọ́n tò lọ síwájú yìnyín náà, wọ́n gbàdúrà lé e lórí pé kó padà sẹ́yìn.

Ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí omi bá ń wọ ilé rẹ̀ lọ́dọọdún mọ̀ pé èèyàn ò ní ká ọwọ́ gbera kó máa wòran. Ohun tó wù wá kí ẹ fi sọ́kàn ni pé nígbà kan, àdúrà àwọn ará Chamonix ni pé kí yìnyín lọ. A máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn wo ló ń rìn lórí òkè náà nígbà yẹn? Darandaran ni, ọdẹ ni, àti àwọn tó ń wá òkúta tó ń dán bíi dígí. Àwọn darandaran a máa da màlúù lọ sókè nígbà ẹ̀rùn láti jẹ koríko tútù, wọ́n a sì máa dà á bọ̀ kí òtútù tó dé. Chéserys tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, orúkọ ibi ìjẹko màlúù ni kó tó di orúkọ adágún tí àwọn èèyàn ń ya fọ́tò sí. Àwọn ọdẹ ń lé ẹran kan tó ń jẹ́ chamois, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ìgbín ò ṣe yá. Àwọn tó ń wá òkúta dígí ń so okùn mọ́ ara, wọ́n ń gun ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gùn, torí pé àwọn ọlọ́rọ̀ Geneva àti Paris ń ra òkúta náà lówó gọbọi. Àwọn wọ̀nyí ló la ọ̀nà. Wọn ò kọ ìwé. Wọn ò ya àwòrán. Wọ́n kàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, títí koríko fi yà fún wọn.

Ní 1741, àwọn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Geneva nígbà náà, William Windham àti Richard Pococke, kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ àti ìránṣẹ́, ó di Chamonix. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, torí wọ́n ti gbọ́ pé ọlọ́ṣà ló wà níbẹ̀. Ọlọ́ṣà kankan ò yọjú. Àwọn ará àdúgbò ló mú wọn gun òkè lọ wo odò yìnyín, wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn, ó tán. Windham padà lọ kọ lẹ́tà nípa ohun tó rí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ayé ká. Bí ìwé ìtàn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọ́n á ní ọdún yẹn ni wọ́n ‘rí’ Chamonix. Ṣebí èèyàn ló mú wọn dé ibẹ̀? A mọ irú ‘rírí’ yẹn lọ́dọ̀ tiwa náà, a ò ní tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún wá láti Geneva ní 1760, ọmọ 20 ọdún, Horace-Bénédict de Saussure lorúkọ rẹ̀. Ó gun Brévent, tó wà lára Abẹ́rẹ́ Pupa, ó bojú wo òdìkejì, ó rí Mont Blanc ní gbangba, ọkàn rẹ̀ sì gbé e. Ó ṣèlérí ẹ̀bùn owó fún ẹni tó bá lè wá ọ̀nà dé orí rẹ̀. Ní 1767, Saussure yìí kan náà fi ẹsẹ̀ rin yíká gbogbo Mont Blanc, ó gba Ítálì àti Switzerland kọjá kó tó padà sí Chamonix. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, torí ìrìn yíká yẹn ni wọ́n wá sọ di eré ìje ní ohun tó lé ní 230 ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ̀bùn náà wà nílẹ̀ fún ọdún 26. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, 1786, àwọn ọmọ Chamonix méjì dé orí Mont Blanc nírọ̀lẹ́: Jacques Balmat, tó ń wá òkúta dígí, àti Michel Paccard, dókítà ìlú náà. Àwọn èèyàn ń fi awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wò, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ von Gersdorf, ń kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ó dára tó kọ ọ́, torí ìjà ti ń bọ̀. Balmat gba owó Saussure, ó sì ń sọ káàkiri pé òun ló ṣe gbogbo iṣẹ́, pé òun ló fa dókítà náà gòkè. Ní 1832, òǹkọ̀wé Alexandre Dumas wá bá a nígbà tó ti darúgbó, ó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí Balmat ṣe sọ ọ́. Dumas mọ ìtàn sọ ju dókítà lọ. Ìtàn Balmat ló gbilẹ̀. Ère Balmat pẹ̀lú Saussure ti wà láàárín ìlú láti 1887, àmọ́ Paccard ní láti dúró títí di 1986, ọgọ́rùn-ún méjì ọdún gééré lẹ́yìn ìrìn náà, kí wọ́n tó ṣe ère tirẹ̀ fún un. Ìwé tí von Gersdorf kọ wà lára ohun tó gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò ohun gbogbo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀. Ní 1808, Marie Paradis, ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní Chamonix, dé orí Mont Blanc. Ní 1838 ni Henriette d’Angeville tẹ̀ lé e, òun tó jẹ́ ọmọ ọlọ́lá. Àwọn kan máa ń fẹ́ ka Henriette sí ẹni àkọ́kọ́ torí wọ́n ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Marie dé ibẹ̀ ni. Àwa ò gbà. Ẹni tó débẹ̀ débẹ̀.

Bí àlejò ṣe ń pọ̀ sí i, fífi àlejò mọ̀nà di iṣẹ́ gidi. Ní oṣù Kẹjọ 1820, ìrì dídì ya lu àwọn kan tó ń gun Mont Blanc, afinimọ̀nà mẹ́ta kú, wọn ò sì rí òkú wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1821, àwọn afinimọ̀nà Chamonix dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí òfin lè wà nípa ẹni tó ń lọ, iye tí wọ́n ń gbà, àti ohun tí opó máa rí gbà tí ọkọ rẹ̀ ò bá padà. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí di òní. Ní ti àwọn mẹ́ta yẹn, odò yìnyín gbé wọn rìn lábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún 41. Ní 1861, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ohun tó kù lára wọn jáde nísàlẹ̀. James Forbes, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Scotland, ti ṣírò rẹ̀ ṣáájú pé bíi 40 ọdún ló máa gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a kà á, ara wa bù máṣọ.

Wọ́n ń gun Mont Blanc láti gba orúkọ, àmọ́ apá Abẹ́rẹ́ Pupa ni wọ́n ti ń wò ó. Ní àwọn ọdún 1800 sí 1900, àwọn àlejò tí agbára wọn ò ká orí yìnyín máa ń gun ìbaaka lọ sí Flégère, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu nǹkan, wọ́n á máa wo Mer de Glace lódìkejì. Ọ̀nà ìbaaka yẹn wà lára ọ̀nà tí àwọn sárésáré ń bá bọ̀ wálé lónìí.

Ẹran ńkọ́? Ẹran kan wà tí wọ́n ń pè ní bouquetin, ewúrẹ́ òkè tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, tó lè gùn ju apá ọkùnrin lọ. Àwọn ọdẹ pa á fún ẹran, wọ́n pa á fún ìwo, wọ́n sì tún pa á fún oògùn: ìwo rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní tirẹ̀, egungun kékeré kan nínú ọkàn rẹ̀ ni wọ́n sì ń so mọ́ra bí ìṣọ́ra. Kò sí ibi tí àgúnmu ò sí láyé. Nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ẹran náà ti tán nínú gbogbo òkè Alps àyàfi ní ibì kan péré, Gran Paradiso, ní ilẹ̀ tó di Ítálì. Wọ́n fi òfin de pípa á níbẹ̀ ní 1821. Ní 1856, Ọba Victor Emmanuel II sọ ibẹ̀ di igbó ọdẹ tirẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹran ló fà á. Ọba fẹ́ kí òun nìkan máa pa á ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọtara-ẹni-nìkan ọba ṣe gba ẹran náà là.

Àwọn ará Switzerland bẹ ọba Ítálì kó tà fún àwọn díẹ̀ nínú ẹran náà, ọba ò gbà. Ní 1906, wọ́n sanwó fún àwọn tó mọ òkè, àwọn yẹn jí ọmọ bouquetin gbé nínú igbó ọba, wọ́n gbé e sọdá ẹnubodè lóru. Wọ́n sìn wọ́n títí wọ́n fi pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ lórí òkè ní 1911. Gbogbo bouquetin tó wà lórí òkè Alps lónìí ló ti ara agbo Gran Paradiso yẹn wá, títí kan àwọn tí wọ́n kó padà wá sí Abẹ́rẹ́ Pupa. A ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní olè jíjà o. A kàn ń sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni.

Ní 1974 ni ìjọba Faransé sọ Aiguilles Rouges di ilẹ̀ àdáàbòbò, irú ohun tí àwọn àgbà wa ń pè ní igbó ọba. Ó lé díẹ̀ ní 3,200 hẹ́kítà. Adágún Funfun wà nínú rẹ̀. Òfin ibẹ̀ ò ṣòro lóye: má já òdòdó, má dáná, má mú ajá wá, kódà tí okùn bá wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá yìí máa ń bí àwọn àlejò nínú gan-an. Àmọ́ àwọn ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń yé ẹyin sílẹ̀, òórùn ajá nìkan ti tó láti lé ìyá kúrò lórí ẹyin. Koríko ibẹ̀ náà ò dàbí tiwa. Lọ́dọ̀ wa, tí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, igbó á ti bo ọ̀nà oko. Lókè yẹn, oṣù díẹ̀ ni ewéko fi ń dàgbà lọ́dún. Ibi tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ tó bó lè ṣe ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù padà.

Ó wá yá, eré. Ní 1978, àwọn ọkùnrin méjì, Jacky Duc àti Christian Roussel, sáré yíká Mont Blanc, ọ̀nà tí Saussure fi ẹsẹ̀ rìn ní 1767. Wọ́n lò tó bíi wákàtí 26. Ní 1980, obìnrin kan tó ń jẹ́ Édith Couhé sá tirẹ̀. Kò sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn létí ọ̀nà, kò sí fóònù. Ní 1979, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìje kan tó ń jẹ́ Cross du Mont-Blanc, tí wọ́n ń sá láti ìlú gòkè lọ sí Planpraz, lára Abẹ́rẹ́ Pupa. Àwọn kan ò tilẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ní 1990, Pierre-André Gobet sáré láti Chamonix dé orí Mont Blanc, ó sì sáré padà, ní wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 10. Ìrìn tó gba Balmat àti Paccard ní ọjọ́ mẹ́ta, lílọ àti bíbọ̀! Ó di 2013 kí Kilian Jornet tó fi wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 57 lé e sẹ́yìn.

Wọ́n tún ní eré ìje yíká òkè tí ẹgbẹ́ eléèyàn púpọ̀ máa ń pín sá. Lẹ́yìn náà ni 24 oṣù Kẹta 1999 dé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbiná nínú ihò ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ Mont Blanc láti Faransé sí Ítálì. Èèyàn 39 ló kú. Wọ́n ti ihò náà pa fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, eré ìje náà sì dáwọ́ dúró.

Ìgbà tí wọ́n máa tún un bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Tọkọtaya kan, Catherine àti Michel Poletti, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Chamonix, ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá gbogbo rẹ̀ sá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsùn tó bá wù ú. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 2003, ohun tó lé ní 700 èèyàn jáde. Òjò rọ̀, afẹ́fẹ́ jà, òtútù mú. Àwọn tó sá a parí yíká ò ju 67 lọ. Ẹni tó gba ipò kìíní ni Dawa Dachhiri Sherpa, ọmọ Nepal tó ń gbé Switzerland, ó lo wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 5. Nínú àwọn obìnrin, Krissy Moehl láti Amẹ́ríkà ló gbà á. A fẹ́ràn pé Sherpa ló kọ́kọ́ borí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lọ sí Himalaya ni àwọn Sherpa ti ń bá wọn ru ẹrù, tí wọ́n ń la ọ̀nà fún wọn, bí àwọn tó ń wá òkúta dígí ṣe ṣe fún Windham. Lọ́jọ́ yẹn ní Chamonix, Dawa ò ru ẹrù ẹnikẹ́ni.

UTMB ni wọ́n ń pe eré náà. Jornet gbà á ní 2008 nígbà tó wà ní ọmọ 20 ọdún, ọjọ́ orí Saussure nígbà tó gun Brévent, ó tún gbà á títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ní 2022. Courtney Dauwalter gbà á ní 2019, 2021 àti 2023. Ní báyìí, bíi 2,500 èèyàn ló ń sá eré gígùn náà, àwọn tó ń sá oríṣiríṣi eré lọ́sẹ̀ náà sì sún mọ́ 10,000. Owó ti wọ̀ ọ́. Ìbò ni wọ́n ń mú kí èèyàn tó wọlé, ó sì ní àwọn eré mìíràn tó o gbọ́dọ̀ ti sá, tó o sanwó rẹ̀, kí orúkọ rẹ tó lè wọ inú ìbò náà. A kì í bínú sí ọlọ́jà tó ń tajà, ṣùgbọ́n a máa ń rántí àwọn méjì ọdún 1978.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ rèé: òkè tó gbẹ̀yìn nínú eré náà. Láti Col des Montets, lójú ọ̀nà gbogbo èèyàn àti mọ́tò, wọ́n á wọ ilẹ̀ àdáàbòbò, wọ́n á gun Tête aux Vents, tó lé ní 2,100 mítà, wọ́n á kọjá nísàlẹ̀ Adágún Funfun láìrí i, wọ́n á dé Flégère, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sílé. Gbogbo èèyàn yẹn, lórí ọ̀nà tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju ejìká méjì lọ, nínú igbó tí wọ́n ní kí ajá kan ṣoṣo má wọ̀.

Ó tọ́ àbí kò tọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa fúnra wa. Ẹnì kan nínú wa ní tí kò bá sí eré, ta ló máa mọ̀ pé adágún yẹn wà, ta ló sì máa jà fún un? Ẹlòmíràn ní mímọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà. Àwọn méjèèjì ní òótọ́ lẹ́nu. Ó ṣe tán, sárésáré tó bá ju ọ̀rá súìtì sílẹ̀ á jìyà nínú eré. Ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí ni wọ́n ń tọ̀, ọjọ́ díẹ̀ sì ni. Ẹsẹ̀ tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ jù ni ti èmi àti ẹ̀yin tó kù, tí a máa ń gé ọ̀nà kúrú níbi tó bá yí po, torí a rí fọ́tò kan lórí Instagram tí a fẹ́ kí ọwọ́ wa náà tẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgọ́ pọ̀ létí Adágún Funfun àti Chéserys nígbà ẹ̀rùn débi pé wọ́n ní láti fi òfin de sísùn níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má bàa yà. Iṣẹ́ náà ò ní kámẹ́rà.

Ẹ rántí àdúrà 1644. Yìnyín náà lọ. Láti àárín àwọn ọdún 1800 ni Mer de Glace ti ń padà sẹ́yìn, ó sì ti kúrò níbi tó wà nígbà náà ju kìlómítà 2 lọ. Ìdí nínú èéfín tí àwa èèyàn ń rán sókè nísinsìnyí ni pé kì í dúró mọ́, ńṣe ló ń yára. Láti ibùdó Montenvers, níbi tí àwọn àlejò ti ń fẹsẹ̀ sọ̀ sórí yìnyín tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti máa fi àtẹ̀gùn kún àtẹ̀gùn lọ́dọọdún títí ó fi lé ní 500. Ní 2024, wọ́n ṣí ọkọ̀ orí okùn tuntun tó ń gbé èèyàn lọ síwájú sí i, torí yìnyín ò sí nítòsí mọ́. Ẹni tó bá jókòó sí Flégère lónìí, níbi tí àwọn ará ìbaaka ti ń mu nǹkan, òkúta eérú ló ń wò, níbi tí wọ́n ti ń wo odò funfun. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó lè kó 300 èèyàn jọ láti bẹ̀ ẹ́ kó padà wá.

Adágún Funfun ṣì wà. Bouquetin náà ṣì wà, wọ́n tilẹ̀ ti pọ̀ débi pé àwọn tó ń sáré níbẹ̀ máa ń bá wọn pàdé lójú ọ̀nà. Wọn ò bẹ̀rù èèyàn. Tí òbúkọ ńlá bá dúró sáàárín ọ̀nà tóóró yẹn, tó ń jẹ koríko rẹ̀ jẹ́jẹ́, òkúta lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì, sárésáré á dúró, á di ọwọ́ mú, aago ọwọ́ rẹ̀ á máa ka ìṣẹ́jú lọ, títí tó máa fi wu ẹran náà láti kúrò.